Ẹ̀jẹ̀ Nìkan Kò Lè Jẹ́rìí Kókó Inú Ọyàn

Bí ènìyàn bá wọ ọjà Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry láàárọ̀, ariwo ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Àwọn alábàárù ń sáré, wọ́n ń kígbe pé, "Ẹ yà lọ́nà o!" Àwọn aláṣọ ń na léèsì àti àǹkárá síta. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ASPAMDA, irin ń dún lu irin. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí ibẹ̀ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé, ọdún kan náà tí wọ́n ṣe FESTAC, èyí tí Festac Town ti gba orúkọ rẹ̀. Lónìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀.

Nínú irú ọjà báyìí, ta ló ráyè àìsàn? Obìnrin tó gba ọjà àwìn, tó ń dá àjọ, tó fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ, kì í fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù nítorí pé nǹkan kan ń ṣe é lára. Bí nǹkan náà kò bá wá dùn ún rárá ńkọ́? Á ní kó ṣì wà níbẹ̀ ná. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ká sọ pé obìnrin aláṣọ kan wà nínú ọjà náà, ẹni ọdún méjìlélógójì, ọlọ́mọ mẹ́ta. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú ọjà gbogbo. Ó ń wẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ni ọwọ́ rẹ̀ bá nǹkan líle kan nínú ọyàn òsì. Kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, kò dùn ún. Ó tún un tẹ̀, kò dùn ún. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n oorun kò kùn ún mọ́jú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yà sí láàbù kan. Ó ní, "Ẹ bá mi yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, bóyá jẹjẹrẹ ni." Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ó sanwó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fún un ní ìwé. Wọ́n kọ CA 15-3 síbẹ̀, wọ́n kọ 19 sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò yẹ kó ju 30 lọ. Ẹni tó gbé ìwé fún un ní, "Màdáámù, nọ́mà ni o." Áà! Obìnrin yìí kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ra mínírà fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù. Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ inú báàgì owó.

Ṣùgbọ́n kókó kò mọ̀wé kà. Kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ nọ́mà sórí bébà. Oṣù méje kọjá, ó ń dàgbà.

ÀGBÀ KÌ Í WÀ LỌ́JÀ

Àgbà obìnrin kan tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló kọ́kọ́ fura. Ó rí i pé aláṣọ yìí kì í fi ọwọ́ òsì gbé ọjà sókè mọ́. Ó pè é sẹ́yìn aṣọ.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Màmá, ẹ má bínú, kì í ṣe ọwọ́. Nǹkan kan ló yọ sí abíyá mi. Àmọ́ mo ti ṣe tẹ́ẹ̀sì, mà. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìwé rẹ̀ nìyí."

Màmá kò gba ìwé. Ó ní, "Bí wọ́n bá wá ra òwú lọ́wọ́ mi, kí ni mo máa ń ní kí wọ́n mú wá?"

"Ẹ máa ń ní kí wọ́n gé díẹ̀ wá lára aṣọ náà ni, mà."

"Kí ló dé tí mi ò ní kí wọ́n kàn fẹnu sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi?"

"Torí pé wọ́n á ní búlúù ni, búlúù sì pé oríṣiríṣi."

"Ó dáa. Ta ló wá gé díẹ̀ wò lára nǹkan tó wà nínú ọyàn ẹ?"

Aláṣọ kò lè fèsì.

Nígbà tó délé lálẹ́, ó ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀. Mẹkáníìkì ni ọkunrin náà. Kò mọ ọ̀rọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà wò ó. Bí páàtì bá bàjẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, ṣé omi inú rédíétọ̀ ni mo máa gbé lọ sí ASPAMDA ni, àbí páàtì yẹn fúnra ẹ̀? Omi yẹn lè jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mọ́tò. Kò lè sọ páàtì tí mo máa rà."

Ọ̀rọ̀ Màmá olówùú àti ti ọkọ yìí, ọ̀kan náà ni. Òun náà sì ni àwọn dókítà ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́.

ÌWÉ YẸN KÒ PARỌ́

Láàbù náà lè má ṣi nọ́ńbà kọ rárá. Ohun tí wọ́n bi ẹ̀jẹ̀ léèrè ni kò bá a mu.

CA 15-3 jẹ́ púrótéènì kan tó máa ń já bọ́ láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì bíi ti ọyàn sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le náà ní díẹ̀. Bí jẹjẹrẹ ọyàn bá ti pọ̀ nínú ara, pàápàá bó bá ti tàn dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀, púrótéènì yìí sábà máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kókó bá ṣì kéré, tó ṣì wà lójú kan, tí ìtọ́jú rẹ̀ ṣì rọrùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni nọ́ńbà náà kì í sún rárá. Ìgbà tí obìnrin nílò ìkìlọ̀ jù lọ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dákẹ́.

Ó tún ní òdìkejì. Àìsàn ẹ̀dọ̀ lè gbé CA 15-3 sókè. Kókó ọyàn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lè gbé e sókè. Oyún pàápàá lè gbé e sókè. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ CEA, tí Phil Gold àti Samuel Freedman ṣàwárí rẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, ní 1965. Sìgá mímu lásán lè mú kí CEA lọ sókè lára ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ kankan. Ìdí nìyí tí ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi CA 15-3 tàbí CEA wá jẹjẹrẹ ọyàn kiri lára ènìyàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti fọwọ́ kan kókó, ẹ má jẹ́ kí ìwé ẹ̀jẹ̀ fi yín lọ́kàn balẹ̀. Bó ṣe "nọ́mà" ni, bó sì ga ni, kókó náà ṣì ń dúró de ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

WỌ́N GÉ DÍẸ̀ WÒ

Ní ilé ìwòsàn ńlá, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni. Dókítà á fọwọ́ yẹ ọyàn àti abíyá wò. Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, bóyá síkáànì tàbí mammogram. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ kan tó nínú díẹ̀ gé ẹran ara bíntín nínú kókó náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn pa ojú ibẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní biopsy. Ní Èkó, wọ́n ń ṣe é ní LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ní LASUTH ní Ìkẹjà.

Ìbẹ̀rù kan wà nílẹ̀ tó ti dá ọ̀pọ̀ obìnrin padà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ bá ti kan kókó, ó máa tú u ká gbogbo ara. Aláṣọ náà bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lálejò fún un lésì pé, "Àǹtí, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń tú u ká. Ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ ni." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kò sí ẹ̀rí pé obìnrin tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yẹ kókó rẹ̀ wò ń tètè kú ju ẹni tí wọn kò yẹ̀ wò lọ. Ẹni tó dúró sílé ni ewu wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n bá gé ẹran ara náà tán, wọ́n á rì í sínú oje fọ́málìnì kó má baà jẹrà. Wọ́n á bò ó mọ́ inú àbẹ́là títí tí yóò fi le. Wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ẹ gbọ́ o, ọ̀pọ̀ kókó ọyàn ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹran ara yìí náà ló ń dá obìnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kó lọ sùn fọkàn balẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ jẹjẹrẹ, iṣẹ́ kò tíì parí. Ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ́ kù.

ÀGÁDÁGODO MẸ́TA

Jẹjẹrẹ ọyàn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, bí búlúù kò ṣe jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá lára ẹran náà: ER, PR àti HER2. Ẹ fi ojú àgádágodo wo ER àti PR. Họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, tó ń jẹ́ estrogen àti progesterone, ni kọ́kọ́rọ́ wọn. Bí àgádágodo yìí bá wà lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, họ́mọ́ọ̀nù ló ń ṣílẹ̀kùn fún un láti dàgbà. HER2 ní tirẹ̀ jẹ́ púrótéènì tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pọ̀ sí i. Bí ó bá ti pọ̀ jù, jẹjẹrẹ á máa sáré.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Aró ni. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé ibi tí ẹ̀kọ bá wà lára aṣọ kì í gba aró, ibi tí kò sí máa ń gbà á. Ẹran ara náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ta aró pàtàkì kan sí i tó ń wá ER nìkan. Bí ER bá wà, ojú ibẹ̀ á di búráùn. Bí kò bá sí, kò ní gba àwọ̀. Wọ́n á tún fi òmíràn wá PR, wọ́n á fi òmíràn wá HER2. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ 1 péré nínú 100 bá gba aró ER, wọ́n ti lè kà á sí pé ER wà. Ti HER2, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sí i: 0 tàbí 1+ túmọ̀ sí pé kò pọ̀, 3+ túmọ̀ sí pé ó pọ̀ jù. 2+ kò tíì dájú, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àyẹ̀wò mìíràn tó ń jẹ́ FISH tún un wò kí wọ́n tó dájọ́.

Kí ni ìwúlò rẹ̀? Oògùn ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Elwood Jensen ní Yunifásítì Chicago ló tọpa ibi tí estrogen ń wọ̀ sí lára sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó di 1977, ọdún tí wọ́n ṣí Trade Fair gan-an, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tamoxifen fún jẹjẹrẹ ọyàn. Tamoxifen ń di ojú ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn pa kí họ́mọ́ọ̀nù má lè ráyè wọlé. Oògùn tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ ni. Ní 1998, wọ́n fọwọ́ sí trastuzumab, tí wọ́n ń pè ní Herceptin, fún àwọn tí HER2 pọ̀ lára wọn.

Ẹ wá wò ó. Bí ER àti PR kò bá sí lára kókó obìnrin, tí ó wá ń gbé tamoxifen mì nítorí pé ó wo aládùúgbò rẹ̀ sàn, kí ló ń ṣe? Kọ́kọ́rọ́ ló ń kì bọ ilẹ̀kùn tí kò ní àgádágodo. Owó ń lọ, ọjọ́ ń lọ, kókó ń dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ER wà lára tirẹ̀, tí wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò sì rí oògùn tó yẹ kó gbà. Àwọn tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà pẹ̀lú, tí wọ́n ń pè ní triple-negative. Tiwọn máa ń yára dàgbà, tamoxifen àti Herceptin kò sì wúlò fún wọn. Kímò àti iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú wọn sábà máa ń dá lé, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ MÁ MÉFÒ

Àwọn kan á ní, "Ṣebí wọ́n ti sọ pé ti àwa aláwọ̀ dúdú le jù, pé triple-negative ni tiwa?" Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2008, Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde jáde lórí obìnrin 192 ní Nàìjíríà. Bíi 65 nínú 100 wọn ni ER wà lára kókó wọn. Nígbà tó di 2009, Dezheng Huo, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé tiwọn jáde lórí aláìsàn 507 láti Nàìjíríà àti Senegal. 24 péré nínú 100 ni ER wà lára tiwọn. Ó lé ní ìdajì wọn tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olopade yìí, Yunifásítì Ìbàdàn ló ti kẹ́kọ̀ọ́ dókítà kó tó di ìlú mọ̀ọ́ká ní Chicago.

Ìwádìí méjì, ọdún kan péré ló wà láàrin wọn, àbájáde wọn sì jìnnà síra bí ọ̀run àti ayé. Ara ìdí tó lè fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹran ara náà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹran tó bá pẹ́ kó tó wọ fọ́málìnì lè má gba aró mọ́, wọ́n á sì kọ "kò sí" síbi tí ó wà. Ohun tí ìwádìí méjèèjì kọ́ obìnrin Trade Fair ni pé ẹnikẹ́ni kò lè wo àwọ̀ ara rẹ̀ kó fi mọ irú èyí tó wà nínú ọyàn rẹ̀. Tirẹ̀ ni kí wọ́n gé, tirẹ̀ ni kí wọ́n rẹ láró.

ÌGÒ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ ỌKỌ

Ní àwọn ibòmíràn, ìbátan aláìsàn ni wọ́n máa ń gbé ìgò ẹran ara fún pé kó gbé e lọ sí láàbù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ti aláṣọ yìí fún ọkọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Friday. Ọkùnrin náà ti ń rò ó pé kí òun fi sábẹ́ ìjókòó mọ́tò títí di Monday, torí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti Mile 2.

Nọ́ọ̀sì dá a padà. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo inú ìgò yìí. Fọ́málìnì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe omi, kì í ṣe sípíríìtì. A ti kọ orúkọ wọn àti agogo tí a gé e sára rẹ̀. Ẹ gbé e lọ lónìí, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n ti gbà á."

Òfin ẹran ara náà kò le. Kó wọ fọ́málìnì láàrin wákàtí kan tí wọ́n gé e. Kí oje náà pọ̀ tó ìlọ́po 10 ẹran ara náà. Kó wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má sì ju wákàtí 72 lọ. Ìgò tó bá dúró láti Friday di Tuesday ti kọjá àyè rẹ̀. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló lè sọ bóyá oògùn tí obìnrin yóò lò fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá máa jẹ́ èyí tó yẹ ẹ́.

Bí wọ́n bá sì parí, ẹran tó wà nínú àbẹ́là yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ nù. Wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí láàbù kan kò bá ní aró ER, PR àti HER2, wọ́n lè gbé e lọ sí òmíràn láìtún fi abẹ́rẹ́ kan obìnrin náà. Kí aláìsàn béèrè ibi tí tirẹ̀ wà.

Èsì aláṣọ jáde. Jẹjẹrẹ ni. ER wà, PR wà, HER2 jẹ́ 1+. Kókó tó tó kóró àgbálùmọ̀ lọ́jọ́sí ti tó ẹyin adìẹ, ó sì ti dé abíyá. Dókítà ṣàlàyé fún un pé kò tíì kọjá ibẹ̀, pé kímò ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà tamoxifen fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obìnrin náà yọ ìwé àkọ́kọ́ jáde látinú báàgì owó, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Dókítà, eléyìí ńkọ́, sà? Wọ́n ní nọ́mà ni."

Dókítà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mà, ká ní ọjọ́ tí ẹ gba ìwé yìí lẹ wá síbí..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Kò sídìí tó fi yẹ kó parí rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

IBI TÍ Ẹ̀JẸ̀ TI WÚLÒ

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò níṣẹ́. Ó níṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹran ara ló ń tẹ̀ lé.

Bí jẹjẹrẹ ọyàn bá ti tàn dé ibòmíràn nínú ara, dókítà lè wọn CA 15-3 kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kó sì máa tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Bí ó bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń gòkè léraléra, àfàìmọ̀ kí oògùn má tíì máa ràn án mọ́. Wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ síkáànì àti bí ara aláìsàn ṣe rí, wọn kì í fi òun nìkan ṣèdájọ́. Kò sí oníṣòwò tó ń fi ọjọ́ kan mọ̀ bóyá ọjà ń tà. Ìwé oṣù méjì mẹ́ta ló ń wò.

Ohun kan wà tó ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, nọ́ńbà yẹn lè fò sókè kó tó wálẹ̀, torí pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń kú ń tú púrótéènì náà sínú ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó bá rí i lè sọ pé oògùn ló ń pa òun, kó sì sá kúrò nílé ìwòsàn. Kó má sá. Kó bi dókítà rẹ̀.

Obìnrin tí wọ́n tọ́jú kókó rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, tí ara rẹ̀ ti yá, ASCO kò ní kó máa ṣe CA 15-3 kiri. Kó máa rí dókítà rẹ̀ lásìkò, kó máa ya mammogram lọ́dọọdún bí ọyàn bá ṣì wà, kó sì tètè sọ̀rọ̀ bí egungun bá ń dùn ún tàbí bí èémí kò bá já gaara.

Ẹ̀jẹ̀ tún lè sọ ohun tó wà nínú ìran. Ní 2018, Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 1,136 ní Nàìjíríà tó ní jẹjẹrẹ ọyàn. 14.7 nínú 100 wọn ló jogún àléébù nínú jíìnì bíi BRCA1 àti BRCA2. Lára àwọn tí kò ní jẹjẹrẹ, 1.8 péré ni. Bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní in, ẹ sọ fún dókítà, torí pé ó lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún un. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: bíi 85 nínú 100 wọn ni kò jogún irú àléébù bẹ́ẹ̀. "Kò sí nínú ìdílé wa" kì í ṣe ààbò. Ọkùnrin náà lè ní jẹjẹrẹ ọyàn, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀.

Ẹ BÉÈRÈ

Àwọn àyẹ̀wò yìí ń náni lówó, owó sì ṣòro. Gbogbo ẹni tó ń dá àjọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí owó àkọ́kọ́ tí obìnrin bá rí lọ sórí àyẹ̀wò tí kò lè dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Bí owó bá kéré, ti ẹran ara ni kó ṣáájú. Ní 2019, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà pẹ̀lú mílíọ̀nù 11 dọ́là. Ẹ̀rọ ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó lè tọ́jú ẹni tó jókòó sílé pẹ̀lú ìwé tó ní nọ́mà.

Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Ẹ béèrè mẹ́rin yìí: Ṣé ẹ máa gé díẹ̀ wò nínú kókó mi? Ṣé ẹ máa wá ER, PR àti HER2? Ìgbà wo ni ẹran náà wọ fọ́málìnì? Níbo ni ẹran inú àbẹ́là mi wà? Kò sí dókítà gidi tó máa bínú sí i.

Ẹ sì má rò pé jẹjẹrẹ ọyàn ti dájọ́ ikú. Betty Anyanwu-Akeredolu, tó di ìyàwó gómìnà Òǹdó lẹ́yìn náà, 1997 ni wọ́n rí i lára rẹ̀. Ó la á já, ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà pariwo rẹ̀ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má fi kókó pamọ́.

Aláṣọ ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó wé gèlè lé orí tí kímò fá. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá a gbé ọjà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà kan wọlé, ó ní òun fẹ́ léèsì tó bá gèlè òun mu, gèlè náà búlúù ni.

"Búlúù wo, Àǹtí?"

"Búlúù náà ni."

Aláṣọ rẹ́rìn-ín. Màmá olówùú gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù kejì, òun náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ lọ gé díẹ̀ wá," ló sọ.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.